Ìwé Àjẹṣẹ́kù Méjì: Ohun Tí Háàfù Sálárì Ṣe Nínú Ilé Kan ní Òṣogbo

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, èló ni ìyàwó mi ní lọ́dọ̀ yín?"

Ọdún 2018 ni Bàbá Ìbejì bi mí ní ìbéèrè yìí, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi, lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa kọ̀wé, etí mi sì ti gbọ́ oríṣiríṣi. Wọ́n ti bi mí bóyá ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lè ṣe onídùúró. Wọ́n ti bi mí bóyá ẹgbẹ́ lè yá èèyàn lówó kó fi san gbèsè tó jẹ ẹgbẹ́. Kò sí ọkọ tó bi mí ní èyí rí lójúkojú. Òfin wa kò gbà mí láyè láti dá a lóhùn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Ojú yín ti dáhùn." Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ náà ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, tó ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí Bàbá Ìbejì gbọ́ iye tó wà nínú ìwé òun. Obìnrin náà kò sì mọ̀ pé ọkọ òun ti bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nítorí owó tó yá. Ìwé àwọn méjèèjì wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà ní pálọ̀ mi, ọ̀kan lé ọ̀kan lórí.

Àwọn méjèèjì ló fún mi láyè láti kọ ọ́. Wọ́n ní kí n ṣáà má dárúkọ àwọn. Ìbejì pọ̀ ní Òṣogbo.

Bàbá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ní Abéré. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì kejìlá, obìnrin wà ní ìkẹwàá. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí lè rò pé àkàsọ̀ méjì ló wà láàárín wọn. Ẹyọ kan ni. Kò sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì kọkànlá nínú iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà. Láti ìkẹwàá, èèyàn á fò sí ìkejìlá ni. Ohun tó ń dé ọwọ́ ọkùnrin lóṣù, lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ, jẹ́ 92,000 náírà. Ti obìnrin jẹ́ 64,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye méjì yìí sọ́kàn.

Wọ́n ní àṣà kan tí mo máa ń fi ṣe àpèjúwe fún àwọn tọkọtaya tó bá ń jà nítorí owó. Tí àlẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé nípàrí oṣù, wọ́n á lọ gba owó jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n á da tọkọ tìyàwó pọ̀ sórí ibùsùn, wọ́n á jọ kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in sínú àwọn àpòòwé ńlá tí bàbá ń mú bọ̀ láti ọ́fíìsì. Àkọlé wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Oúnjẹ", "Iléèwé", "Màmá Ìkìrun" (ìyẹn ìyá ọkọ), "Àjẹṣẹ́kù", "Epo mọ́tò". Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n kọ "Bí ó bá ṣẹlẹ̀" sí i.

Kí ọdún 2014 tó parí ni owó oṣù ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun tó fà á hàn gbangba. Láàárín ọdún yẹn, àgbá epo rọ̀bì kan ń tà ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tí a fi wọ oṣù kìíní 2015, kò tó 50 mọ́. Ìpínlẹ̀ wa kò ní epo, ṣùgbọ́n owó epo tí wọ́n ń pín ní Àbújá ló fi ń jẹun. Gbèsè títì àti gbèsè iléèwé tún wà lọ́rùn rẹ̀, títí kan 10 bílíọ̀nù náírà sukuk, owó yíyá aláìlélé ti ìlànà Mùsùlùmí, tí ìjọba gbà ní 2013 láti fi kọ́ iléèwé. Òun ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí owó tó kúrò ní Àbújá ni wọ́n ti ń já gbèsè kúrò lára rẹ̀. Ohun tó ń dé Òṣogbo kò ká owó òṣìṣẹ́ mọ́.

Oṣù bíi méje kọjá bẹ́ẹ̀. Ìjọ àti àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ń pín ìrẹsì àti gàrí fún àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì lára ògiri. Nínú ẹgbẹ́ wa, ìpàdé kan wà tí gbogbo owó tó wọlé kò tó 4,000 náírà. Ààrẹ ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Alága, ní kí a ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwé má baà gbọ́ pé a pàdánù oṣù kan.

Èèyàn á rò pé àsìkò yìí ni ilé Bàbá Ìbejì dàrú. Kò dàrú. Wọ́n gbé mọ́tò sórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ọkùnrin náà ló sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ro ó láàárọ̀ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ẹ̀bà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, ẹ̀bà lálẹ́. Àwọn ìbejì sọ ọ́ ní "Náà-Ni". Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, mo rí àwọn àpòòwé náà lórí tábìlì. Wọn kò tíì jù wọ́n nù. Nítorí kò sí owó tí wọ́n á kó sínú wọn, ara wọn ni wọ́n ń kọ gbèsè sí. Lára "Oúnjẹ" ni mo ti kà á: "Ìyá Elépo 2,300. Onígàrí 4,000, a ti san 1,500." Ọwọ́ méjì ló kọ ọ́, ti bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ìyá rogodo bíi ti ara pátákó. "Bí ó bá ṣẹlẹ̀" nìkan ni wọn kò kọ nǹkan kan sí. Mo bi wọ́n léèrè. Ìyá Ìbejì ní, "Akọ̀wé, ó ti ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn." A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ní oṣù keje 2015 ni ìjọba àpapọ̀ dá sí i. Wọ́n fún àwọn ìpínlẹ̀ tó wọ gbèsè ní ẹ̀yáwó láti fi san owó òṣìṣẹ́. Ti Ọ̀ṣun lé ní 34 bílíọ̀nù náírà. Bó ti ń bọ̀ ni ètò tuntun náà ń tẹ̀ lé e. Láti oṣù náà lọ, ẹni tó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì kìíní sí ìkeje á máa gba owó rẹ̀ pé. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kẹjọ sí ìkẹwàá á máa gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Láti ìkejìlá lọ sókè, ìdajì. Ìjọba fún un ní orúkọ òyìnbó kan tó tutù létí. Àwa pè é ní háàfù.

Bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹni tó bá ga ni ọwọ́ bà jù, kò sì burú létí: kí ẹni tó ń gba púpọ̀ fara dà á fún ẹni tó ń gba kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó ṣe ìṣirò náà kò bá tọkọtaya kankan ṣe é. Ẹ padà sí iye méjì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ìdajì 92,000 jẹ́ 46,000. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 64,000 jẹ́ 48,000. Láàárín oṣù kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gba ìgbéga tàbí tó ṣẹ̀, ìyàwó fi 2,000 náírà ju ọkọ lọ.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níṣojú èmi àti ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ kan: "Bàbá Ìbejì, ó yá, ẹ wá gba owó àpò lọ́wọ́ olówó." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì ló rẹ́rìn-ín jù, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú bíi ọmọ tó fẹ́ gba àkàrà.

Nípàrí oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní èrò pọ̀ ní báńkì, òun kò rí owó gbà. Nípàrí oṣù kejì, ó ní òun ti yanjú nǹkan kan lọ́nà. Nígbà tí ọdún fi parí, kò sí kíka owó lórí ibùsùn mọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí lójú Yorùbá, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń lówó ju àwọn bàbá wa lọ tipẹ́. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ń ta ẹ̀wà ní Ìgbọ̀nà, bàbá mi ń ránṣọ; gbogbo ìlú mọ ẹni tó kọ́ ilé, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pe bàbá mi ní ọkùnrin tí obìnrin ń bọ́. Ọwọ́ ìyá ni owó ìyá ń wà, ti bàbá ń wà lọ́wọ́ bàbá, ẹnìkan kì í wo inú ìlàbù ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n owó ọjà kò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ó lè pọ̀ lónìí kó gbẹ lọ́la, ẹni tó ni ín nìkan ló mọ̀. Owó oṣù ìjọba ní tábìlì, ìwé tí wọ́n to iye owó lẹ́fẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sí. Ní 2015, ọmọdé tó bá mọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo lè ṣírò iye tó mú wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà lè ṣírò ti bàbá tirẹ̀. Ìtìjú Bàbá Ìbejì kò sí nínú 2,000 náírà. Ó wà nínú pé gbogbo Abéré mọ̀ pé tíṣà lẹ́fẹ́ẹ̀lì kẹwàá ni ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ mi kan ka ìwádìí kan fún mi lórí fóònù. Ọdún 2015 yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Marianne Bertrand, Emir Kamenica àti Jessica Pan, tẹ̀ ẹ́ jáde nípa àwọn tọkọtaya ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé tí èèyàn bá to àwọn ilé náà gẹ́gẹ́ bí ipa tí owó ìyàwó kó nínú owó ilé, iye wọn á já wálẹ̀ lójijì níbi tí owó ìyàwó bá ti kọjá ìdajì, àti pé níbi tí ìyàwó bá ti ń gbà jù, ìdùnnú wọn nínú ìgbéyàwó máa ń dín. Mo ní kó tún un kà. Àṣé ibi ìlà yẹn gan-an ni tábìlì ìjọba ju àwọn èèyàn mi sí.

Ọgbọ́n tí ọkùnrin náà dá ni pé ó ń yáwó kí owó tó ń gbé sílẹ̀ nílé má baà kéré sí ti ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2015, ó wá gba 150,000 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Nínú fọ́ọ̀mù, níbi tí a ti ń bi èèyàn ohun tó fẹ́ fi owó ṣe, ó kọ "àtúnṣe òrùlé". Ẹjọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé mi kò jìnnà sí tiwọn, mo máa ń rí òrùlé wọn láti ojú fèrèsé mi, kò sì sí páànù kan tó ṣí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fọwọ́ sí i, nítorí owó rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ká a, onídùúró rẹ̀ méjèèjì pé, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí Ìyá Ìbejì gbọ́ o, mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni." Ìyanu wo ló wà nínú òrùlé?

Nígbà tí tiwa kò tó mọ́, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó èlé tó ń yí káàkiri ọ́fíìsì lásìkò náà, àwọn sọgúndogójì. Èmi kò mọ èyí nígbà náà.

Nílé, obìnrin náà ti wá ọ̀nà mìíràn. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń rẹ aró. Òṣogbo ìlú aró, a kì í tún ìyẹn sọ fún ọmọ Òròkí. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ló ti kọ́ kàǹpálà, 40,000 náírà ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti dúró wò ó rí. Àbẹ́là ló ń yọ́ nínú ìkòkò kékeré lórí iná èédú, á ti fóòmù tó gé bí òdòdó bọ inú rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun tó tẹ́ sórí tábìlì, á tún tì í bọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ pẹ́, torí àbẹ́là tó bá ti tutù kò ní wọ aṣọ dénú. Lẹ́yìn náà ni á po aró mọ́ sódà àti háídírò nínú omi gbígbóná, èéfín rẹ̀ á máa ta èèyàn nímú, á ri aṣọ sí i, á fà á yọ. Tí aṣọ náà bá ń jáde, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí ewé tó rẹ̀. Ojú rẹ kọ́ ló ń ṣe ọ́ tí o bá rí i tó ń yí padà di dúdú aró díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i. Omi híhó ló máa ń fi yọ àbẹ́là kúrò nígbẹ̀yìn. Ó ní ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kì í mọ aṣọ lára tí òun bá wọ̀ ọ́. Èékánná rẹ̀ kò funfun mọ́ láti ìgbà náà. Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lálẹ́, àwọn òbí kan sì ti mú ìwé ọmọ wọn wá sí iléèwé láti béèrè ohun tó kan án.

Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tà fún, láwìn. Ẹni tó ń gba háàfù kì í san àwìn. Owó yẹn kú sọ́wọ́ wọn. Ohun tó gbà á là kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni: ní 2016, ìjà owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀ méjì tó ni Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, ti iléèwé náà pa fún oṣù púpọ̀. Àkọ́bí wọn padà wálé. Ọmọkùnrin náà kò rí nǹkan ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò aṣọ ìyá rẹ̀, ó ń fi wọ́n sórí WhatsApp. Àwọn ará Èkó ń dáhùn. Ìyá Ìbejì kó ẹrù lọ bá wọn lẹ́yìn Iléyá, nínú ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gbé kalẹ̀ láàárín Èkó àti Òṣogbo lásìkò ọdún. Ó ní òun jókòó lórí ẹrù òun títí wọ́n fi dé Èkó, torí ẹni tó bá dìde nínú ọkọ̀ yẹn, ìjókòó rẹ̀ ti lọ.

Ọdún 2017 kò tíì dé ìdajì tí èrè aṣọ fi kọjá owó oṣù rẹ̀ nígbà tó pé pàápàá.

Iṣẹ́ ìjọba wá di nǹkan mìíràn lójú rẹ̀. Ìgbéga rẹ̀ sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì kejìlá ti tó àkókò. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbàdúrà kí ó má tètè jáde. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ó mú bírò, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi lẹ́yìn ìwé ìpàdé: tó bá di lẹ́fẹ́ẹ̀lì kejìlá, owó rẹ̀ á ròkè díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni á máa gbà, kì í ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mọ́. Ohun tó ń mú lọ sílé á já wálẹ̀ láti 48,000 sí nǹkan bí 38,000. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, èmi kò tíì rí òṣìṣẹ́ tó ń gba ààwẹ̀ kí wọ́n má gbé òun ga.

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń pẹ́ ní ọ́fíìsì. Iṣẹ́ kankan kò sí níbẹ̀ tó lè dá èèyàn dúró di aago méje alẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wá lójoojúmọ́ mọ́ nítorí owó ọkọ̀. Ó kàn ń jókòó ni. Ọ̀kan lára àwọn ìbejì sọ fún mi pé àwọn máa ń gbọ́ ìró bàtà bàbá àwọn ní ojúde, á dúró fún ìgbà pípẹ́ kó tó kan ilẹ̀kùn.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìbejì wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi. Ó fẹ́ ní ìwé tirẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn méjèèjì jọ ní. Ó ní kí n má sọ fún bàbá wọn. Mo rò ó sí ahun, mo fẹ́ gbà á nímọ̀ràn. Ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Akọ̀wé, ẹ gbọ́ mi. Ìgbàkígbà tí mo bá gbé owó sílẹ̀ nínú ilé yẹn, ní ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì náà á gbé tiwọn sílẹ̀, owó tí mo mọ̀ pé kò sí. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i. Tí mi ò bá gbé tèmi sílẹ̀ mọ́, bóyá wọ́n á sinmi."

Mo ṣí ìwé tuntun fún un. Orúkọ bàbá rẹ̀ la kọ sí i. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀, lórí ìwé ọkọ rẹ̀ tó kún fún gbèsè. Ọkùnrin ń pa gbèsè mọ́ kí ìyàwó má baà rí i pé ó kéré. Obìnrin ń pa èrè mọ́ kí ọkọ má baà rí i pé ó kéré. Èmi nìkan ló ka ìwé méjèèjì. Oṣooṣù ni mo ń fi òǹtẹ̀ lù wọ́n.

Nígbà tí 2018 dé, háàfù dópin lẹ́yìn ọgbọ̀n oṣù gbáko. 92,000 wọlé fún Bàbá Ìbejì. Ó ra ẹran sùyà bọ̀, ó mú àpòòwé tuntun bọ̀ láti Abéré, ó kọ àkọlé sí wọn tán kí ìyàwó rẹ̀ tó dé. Ó da owó rẹ̀ sórí ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ da 64,000 lé e. Wọ́n kà á. Ó yẹ kí inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, obìnrin kan wá láti Èkó pẹ̀lú mọ́tò láti kó aṣọ, Bàbá Ìbejì ló sì bá a gbé e. Ó ka aṣọ náà bó ti ń gbé e, ó gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, ó ṣírò rẹ̀ lórí. Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ló bi mí ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá Alága. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìwọ lo ṣe aburú jù nínú gbogbo yín." Èmi kò jiyàn. Wọ́n ní kí n pe tọkọtaya náà sí pálọ̀ mi, kí n gbé ìwé kálukú fún un, kí n sì jáde.

Mo gbé e fún wọn níṣojú Màmá Alága. Èmi kò jáde dé ibi tó yẹ kí n jáde dé. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo dúró sí, mo jẹ́wọ́. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró ìwé tí wọ́n ń tì lórí tábìlì, ti òsì sí ọ̀tún, ti ọ̀tún sí òsì. Nínú ìwé obìnrin, 740,000. Nínú ti ọkùnrin, ó ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní 65,000, òun fúnra rẹ̀ sì wá fi ẹnu sọ ti ìta: 210,000 lọ́wọ́ olówó èlé, láti ara 80,000 tó gbà.

"Bàbá Ìbejì, ta lẹ ń yáwó fún?"

"Ilé."

"Ilé wo? Ṣé èyí tí mo wà nínú rẹ̀ náà ni?"

Ọkùnrin náà kò dáhùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "O mọ̀ pé mo ń yáwó, o sì ń wò mí?"

"Mo mọ̀ pé apá ń dùn yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń gé e."

Màmá Alága ní kí wọ́n mu omi. Kò sí ẹni tó mu ún.

Ìyàwó rẹ̀ san 210,000 fún olówó èlé náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tí èmi kò retí ni pé ọkọ rẹ̀ kò gbà á ní ọ̀fẹ́. Ó ní kí a kọ ọ́ bí ẹ̀yáwó, láìsí èlé. Ó fọwọ́ sí i, èmi àti Màmá Alága ṣe ẹlẹ́rìí, ìyàwó rẹ̀ ká ìwé náà, ó fi í sínú àpòòwé "Bí ó bá ṣẹlẹ̀". Àwọn kan lára ẹgbẹ́ wa sọ pé ìgbéraga ni, pé ọkùnrin wo ló ń fọwọ́ sí gbèsè fún ìyàwó ara rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó gbọ́n jù tó ṣe láti 2015 nìyẹn. Gbèsè tó ní ìwé, tí àwọn méjèèjì jọ mọ iye rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ tábìlì.

Àwọn nǹkan kan kò padà sí bí wọ́n ṣe wà. Wọn kì í da gbogbo owó sórí ibùsùn mọ́. Ìyá Ìbejì ní owó aṣọ ti òun ni, òun á máa sọ iye rẹ̀, òun kò ní máa kó o wálé. Ìgbéga rẹ̀ padà jáde, ó sì gbà á láìfi bẹ́ẹ̀ yọ̀. Ọkùnrin náà kò pẹ́ ní ọ́fíìsì mọ́, ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń bá a fa aṣọ yọ nínú aró, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

Mo bi wọ́n láìpẹ́ yìí, ìgbà wo ni inú wọn dùn jù nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí. Bàbá Ìbejì kò rò ó: "Oṣù méje tí wọn ò san kọ́bọ̀." Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tó gbọ́ ìsọkúsọ. "Ẹ máa wí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń wá ohun tí a máa sè?" Ní tirẹ̀, ó ní ọjọ́ tí òun jókòó lórí ẹrù nínú ọkọ̀ ojú irin ni, tí òun kò tíì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa ra nǹkan kan.

Gbèsè náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oṣù mìíràn 5,000, oṣù mìíràn 3,000, nígbà Kòrónà kò sí rárá. Lẹ́yìn tí ìjọba mìíràn wọlé ní ìparí 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san háàfù tí wọ́n jẹ òṣìṣẹ́, ní ìdajì oṣù kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ wọlé fún Bàbá Ìbejì, 46,000 tí wọ́n gé kúrò lára rẹ̀ ní 2015, ó kó o lọ bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń po aró. Ìyá Ìbejì ní, "Nígbà tí wọ́n jẹ yín lówó yìí, ó ra àpò ìrẹsì mẹ́rin. Ní báyìí, ká dúpẹ́ tó bá ra ẹyọ kan." Ó nu ọwọ́, ó wọlé lọ mú àpòòwé, ó sì kọ ọ́ bó ṣe wà, 46,000, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ aró méjì wà lára àpòòwé náà níbi tí ìka rẹ̀ ti kàn án. Nísàlẹ̀ wọn, ní ọwọ́ rogodo ti tíṣà: ó ku 41,000.